Hẹdimásítà Orí Pápá

  A kí àwọn ará Òkun ní ìkíni tiwọn, ìkíni tí ó ti di orúkọ mọ́ wọn lára. Ẹ̀yin Owé ní Kàbà, ẹ̀yin Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀, òkun o!

Bí oòrùn bá ti rọ̀ ní Kàbà, tí agogo ilé-ìwé sì ti lù, pápá ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń gbà lọ. Ẹni tí kò ní bàtà a fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù tirẹ̀. Kò sí ohun tí ó burú nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohùn àwọn ọmọ wọ̀nyí ti yàtọ̀ sí ti àwọn bàbá wọn. Nígbà kan rí, bí a bá bi ọmọ Òkun ní ohun tí yóò dà, olùkọ́ ni yóò wí, tàbí akọ̀wé, tàbí àlùfáà. Lónìí, ọ̀pọ̀ wọn a dáhùn pé Yúróòpù ni àwọn ń lọ, bọ́ọ̀lù ni àwọn yóò gbá. Orúkọ àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá ni ó sì máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn. Kí ni kí olùkọ́ wí fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Ṣé kí ó fi í ṣẹ̀sín ni, tàbí kí ó pàtẹ́wọ́ fún un? Ìtàn ọmọ Yorùbá kan tí ó dé Real Madrid ní tòótọ́ lè là wá lọ́yẹ̀. Mutiu Adépọ̀jù ni orúkọ rẹ̀.

Ìbàdàn ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá, ọdún 1970. Àárín pápá ni ipò rẹ̀. Àwọn ará Kàbà kò jìnnà sí Lọ́kọ́ja, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Wọ́n mọ ohun tí ìpàdé odò jẹ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni agbábọ́ọ̀lù àárín pápá rí. Bọ́ọ̀lù tí àwọn tí ń bẹ lẹ́yìn bá gbà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò gbà kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń bẹ níwájú. Òun ni ó ń sá lọ, òun ni ó ń sá bọ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá sì wọlé tán, ẹlòmíràn ni wọn yóò gbé lé èjìká. Ṣùgbọ́n Adépọ̀jù ní ẹ̀bùn kan lé e: bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ láti òkè, a yọ lójijì, a sì fi orí kàn án wọlé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Hẹdimásítà. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ eré tí ń bẹ nínú orúkọ náà: ọ̀gá ilé-ìwé ni, ọ̀gá orí sì ni.

Ọdún 1989 ni ayé gbúròó rẹ̀. Ó wà nínú ikọ̀ Flying Eagles tí ó lọ sí Sáúdí Arébíà fún ìdíje Ife Àgbáyé àwọn ọ̀dọ́. Ní ìlú Dammam, àwọn ọmọ Sófíẹ́tì ti gbá bọ́ọ̀lù mẹ́rin wọlé, Nàìjíríà kò ní ẹyọ kan. Ta ni kò ní sọ pé ó ti parí? Ṣùgbọ́n kí eré tó tán, ó ti di mẹ́rin sí mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n sì gba pẹnáritì, Nàìjíríà ni ó borí. Pọ́túgà ṣẹ́gun wọn nínú àṣekágbá, ayò méjì sí òdo, ṣùgbọ́n àwọn tí ń wá agbábọ́ọ̀lù kiri ti rí ohun tí wọ́n ń wá. Real Madrid mú Adépọ̀jù.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò rò pé ọ̀nà ti là. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ kejì ilé náà, Castilla, ni wọ́n fi í sí. Láyé ìgbà náà, àjèjì díẹ̀ péré ni òfin Spéènì gbà kí ẹgbẹ́ kan lò, àwọn olórúkọ ńlá bíi Hugo Sánchez ará Mẹ́síkò sì ti gba àyè. Ọdún mẹ́ta ni Adépọ̀jù lò níbẹ̀, kò sì bá ẹgbẹ́ àgbà wọ pápá nínú ìdíje kankan. Ó wọ ààfin, kò rí ìjókòó.

Ọmọ mìíràn ì bá ti fi ìtìjú padà sílé, tàbí kí ó jókòó ti orúkọ ńlá náà títí ìgbà yóò fi kọjá lórí rẹ̀. Adépọ̀jù kò ṣe èyíkéyìí. Ní 1992, ó gba Santander lọ, ìlú etí òkun ní àríwá Spéènì, ó bá Racing tí ó wà ní ìpele kejì nígbà náà. Ní 1993, Racing gòkè sí ìpele kìn-ín-ní. Ẹni tí ilé ńlá kò fún láyè wá ń bá ilé ńlá náà figagbága. Ní 1996, ó kọjá sí Real Sociedad nílẹ̀ àwọn Básíkì, àwọn ènìyàn tí wọ́n di èdè wọn mú ṣinṣin, èdè tí kò bá ti Spéènì tan rárá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọ Básíkì nìkan ni ẹgbẹ́ yìí ń gbà; 1989 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún àjèjì. Láti ibẹ̀, Adépọ̀jù dé Salamanca, ó dé ilẹ̀ Tọ́kì, ó dé erékùṣù Kípírù. Ní gbogbo ìgbà yìí, bí ilé bá pè é, a dáhùn. Ó wà nínú ikọ̀ tí ó gba Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ní Tùnísíà ní 1994, àti nínú ikọ̀ Ife Àgbáyé ti 1994, 1998 àti 2002.

Ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà, 1998, ni ọjọ́ tí a kò ní gbàgbé. Ní Nantes nílẹ̀ Faransé, Nàìjíríà pàdé Spéènì. Hierro, ọ̀kan nínú àwọn òpó Real Madrid, ni ó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún Spéènì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbá kọ́ná síwájú ilé Spéènì. Hẹdimásítà fò sókè, ó kàn án, ó wọlé. Lẹ́yìn ìsinmi, Raúl, ọmọ Real Madrid bákan náà, gbá ẹlẹ́ẹ̀kejì wọlé fún Spéènì. Garba Lawal gbá bọ́ọ̀lù kan láti ẹ̀gbẹ́, aṣọ́lé Zubizarreta fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í wọlé. Sunday Oliseh sì fi ọta kan láti òkèèrè parí ọ̀rọ̀: mẹ́ta sí méjì. Ayò méjèèjì tí Spéènì ní, inú ilé tí kò fún Adépọ̀jù láyè ni wọ́n ti wá. Àárín méjèèjì ni tirẹ̀ bọ́ sí.

Ṣé ó tọ́ kí ènìyàn gbá bọ́ọ̀lù wọ ilé ẹni tí ń bọ́ ọ? Spéènì ń san owó iṣẹ́ tí ó ṣe; Nàìjíríà ni ó rán an lọ sí Nantes. Ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún.

Ṣùgbọ́n bàtà bọ́ọ̀lù kì í bá ènìyàn darúgbó. Lẹ́yìn tí Adépọ̀jù fi pápá sílẹ̀, àwọn aláṣẹ La Liga ti Spéènì fi í ṣe aṣojú wọn ní Nàìjíríà. Ó gbọ́ èdè wọn, ó mọ ìṣe wọn, ó sì mọ ti ilé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti sinmi, ohun tí ó kọ́ lójú ọ̀nà kò sinmi. Ṣèyí Ọlọ́finjànà, tí òun náà gba bọ́ọ̀lù ní àárín pápá, kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà gboyè ní Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá, Ògbómọ̀ṣọ́. Ó bá Kwara United gbá bọ́ọ̀lù, ó dé Nọ́wè ní 2003, ó sì dé Wolverhampton, Stoke àti Hull ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2021, ẹgbẹ́ Grasshopper ti ìlú Zürich fi í ṣe olùdarí ètò eré wọn. Ìwé kò pa bọ́ọ̀lù rẹ̀, bọ́ọ̀lù kò sì pa ìwé rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ bá sọ pé Real Madrid ni òun ń lọ, ẹ má fi í ṣẹ̀sín, ẹ má sì tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Bí ilé ńlá kò bá fún ọ láyè, ṣé ìwọ yóò lè ṣiṣẹ́ ní ilé kékeré? Kí ni ìwọ yóò kọ́ ní ibi tí o bá dé? Kí ni yóò kù lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ tí o bá bọ́ bàtà? Ẹ̀yin òbí náà, kí ẹ tó ta ilẹ̀ bàbá yín fún alágbàtà tí ó ní òun yóò mú ọmọ dé Yúróòpù, ẹ bi òun náà. Àwọn ọmọ tí irú wọn ti já sílẹ̀ ní ìlú onílùú kò níye.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n kí àpò ìwé rẹ̀ máa bá a dé etí pápá, kí ó sì máa bá a padà sílé. Ó dìgbà kan ná. Òkun o!