Láìfù Jákẹ́ẹ̀tì Tó Bá Ni Mu: Ọ̀rọ̀ fún Àwa Tí À Ń Gba Ojú Omi Lọ sí Ọjà



Ẹnì kan lè ní, kí ló kan ará Ìkòyí-Ilé nínú ọ̀rọ̀ omi, ṣebí orí ilẹ̀ la wà? Ọjà ló kàn wá. Nínú wa, àwọn kan ń kó èlùbọ́ àti gàrí lọ sí Èkó, wọ́n sì ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìkòròdú. Àwọn mìíràn ń lọ ra ẹja gbígbẹ lápá odò Ọya.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ ojú omi kan dànù ní agbègbè Pategi ní Kwara tó bá wa pààlà. Ibi ìgbéyàwó ni wọ́n ti ń bọ̀. Èèyàn tó ju 100 lọ ló kú. Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 2024, òmíràn tún dànù lórí odò Ọya. Láti Missa ní Kogi ni wọ́n ti gbéra, ọjà Katcha ní ìpínlẹ̀ Niger ni wọ́n ń lọ ná. Obìnrin ọlọ́jà bíi tiwa ló pọ̀ jù nínú wọn. Òkú tó lé ní 50 ni wọ́n gbé jáde.

A ò lè bá ọlọ́kọ̀ wa ọkọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí a wọ̀ sọ́rùn, ọwọ́ wa ló wà. Ẹ̀yin náà ń sọ ọ́ pé láìfù jákẹ́ẹ̀tì ń mú ooru, ó ń fún ni láyà. Òótọ́ ni. Èyí tí kò bá rọ̀ wá lọ́rùn, tí a bá dé àárín omi a ó bọ́ ọ, a ó fi jókòó. Nítorí náà, kó rọ ni lọ́rùn kì í ṣe fáàrí o, ara ààbò ni.

Èkínní, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀: kílò ẹni tó lè wọ̀ ọ́, àti agbára rẹ̀. 50N, ti ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ ni. Àwa tí a kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, 100N sókè ni kí a mú, èyí tó ní fóòmù lẹ́yìn ọrùn tó ń gbé orí sókè.

Èkejì, ẹ wọ̀ ọ́ wò. Ẹ de gbogbo okùn rẹ̀, ẹ na ọwọ́ sókè, kí ẹnì kan fa èjìká rẹ̀. Tó bá gòkè dé etí, ó ti tóbi jù. Tí ẹ kò bá lè mí kanlẹ̀, ó ti kéré. Èyí tó ní okùn abẹ́ itan dára jù, nítorí náà ẹ wọ ṣòkòtò sábẹ́ ìró. Ìborùn kò gbọdọ̀ bò ó.

Ẹ̀kẹta, kó ní àwọ̀ tó hàn kedere, kó ní fèrè. Èyí tí fóòmù rẹ̀ ti fọ́ tàbí tí okùn rẹ̀ ti já, ẹ má gbà á.

Ẹ̀kẹrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ẹ má pọn ọmọ wọ ọkọ̀ ojú omi. Jákẹ́ẹ̀tì yóò dá ìyá dojú sókè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò wà nínú omi, ẹ̀yìn náà ni ọmọ sì wà. Ẹ sọ ọmọ, ẹ gbé e síwájú, kó wọ tirẹ̀ tó bá kílò rẹ̀ mu. Tí ọmọdé bá wọ ti àgbà, yóò yọ́ bọ́ nínú rẹ̀.

Ní èbúté, ti àgbà ló sábà máa ń wà. Ìdí nìyí tí àwa ìgbìmọ̀ fi ń bẹ̀ yín pé nínú èrè ọdún yìí, kí a ra díẹ̀ sí ọ́fíìsì wa, ti àgbà àti ti ọmọdé. Ẹni tó ń rìnrìn àjò á fọwọ́ síwèé, á gbé e lọ, á dá a padà, a ó sì sá a sábẹ́ ibòji. A mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ kí a pín gbogbo owó náà. Ọ̀rọ̀ wọn kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá omi lọ kì í gba èrè ọdún tó ń bọ̀. Ẹ bá wa rò ó kó tó di ìpàdé.

Tí ọkọ̀ bá kún jù, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ọjà tí a kò rí ná lónìí, yóò tún pé.

Àlọ wa á dára, àbọ̀ wa á sàn. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fi ọ̀nà ṣòfò. Àmín.