Aṣọ Ìpò àti Aṣọ Ọkùnrin Tuntun nínú Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé



Ní oṣù Keje ọdún 2022, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù ṣí àfihàn aṣọ ilẹ̀ Áfíríkà. Iṣẹ́ Orange Culture, tí Adebayo Oke-Lawal dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2011, wà níbẹ̀: aṣọ ọkùnrin tí ó múlọ́múlọ́, tí àwọ̀ rẹ̀ ń tàn yòò, èyí tí àwọn kan lè pè ní aṣọ obìnrin. Wọ́n ní ọ̀tun dé.

Ẹ jẹ́ kí a yà sí Bùnú, lẹ́bàá Kàbà. Láyé àtijọ́, àwọn obìnrin ibẹ̀ a máa tú aṣọ pupa tí ó ti òkè òkun wá, fọ́nrán kan tẹ̀lé èkejì, wọn a sì fi òwú rẹ̀ hun aṣọ ìpò lórí òfì tí a gbé nàró. Òun ni a fi ń ṣẹ̀yẹ fún ìjòyè tí ó bá kú. Eégún pẹ̀lú ń gbé e wọ̀. Elisha Renne tẹ ìwé kan jáde lórí aṣọ Bùnú ní 1995. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé obìnrin ni ó hun ohun tí ó fi ọkùnrin hàn ní ọlọ́lá. Àti títú aṣọ àjèjì palẹ̀ kí a tó hun tiwa, bí kì í bá ṣe ọgbọ́n ìdá-nǹkan-tuntun, kí ni kí a pè é?

Aṣọ ìpò wà ní British Museum pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀yà ni a sábà fi ń pe irú aṣọ bẹ́ẹ̀, nígbà tí aránṣọ òde òní ń jẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Èmi kò gbà pé ó tọ́. Mo dábàá pé kí ẹ̀ka yìí rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Bùnú, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn ìyá tí ó mọ òfì náà sílẹ̀.