Bí Iṣẹ́ Bá Ṣe Ọmọ Yín Léṣe



Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa. Ṣùgbọ́n ní Kétu, ní Sábẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́, agboolé tí kò ní ọmọ kan tí ń gba owó oṣù lọ́dọ̀ ẹlòmíràn kò wọ́pọ̀ mọ́. Òmíràn ti ṣiṣẹ́ ní ilé sìmẹ́ǹtì Onígbólò, òmíràn ní ilé ṣúgà Sábẹ̀, òmíràn ń bá wọn kọ́lé ní Kútọnu. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá gé ìka ọmọ yín, ta ni yóò san owó dókítà? Ta ni yóò bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀?

Àjọ kan wà tí ó ń jẹ́ Caisse Nationale de Sécurité Sociale. Lẹ́tà mẹ́rin ni wọ́n ń kọ sí ara ilé rẹ̀: CNSS. Ẹ wo lẹ́tà wọ̀nyí dáadáa, kí ẹ lè mọ̀ wọ́n bí ẹ bá rí wọn. Ní Tógò náà, orúkọ kan náà ni ó ń jẹ́. Kẹ́ẹ̀sì ni a ó máa pè é níhìn-ín.

Ẹni tí ó lọ gba owó ní Kẹ́ẹ̀sì kò tọrọ bárà. Ọ̀gá nìkan ni ó ń san owó ìjàǹbá iṣẹ́. Ní Bẹ̀nẹ̀, bí ọ̀gá bá san 100 fàráńkì owó iṣẹ́, ó ní láti fi 1 fàráńkì títí dé 4 fàráńkì lé e fún Kẹ́ẹ̀sì. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ní ewu púpọ̀ ni ó ń san jù. Kò gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó òṣìṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun: ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 1957, nígbà tí Faransé ṣì ń jọba lé wa lórí, ni wọ́n ti gbé àṣẹ jáde lórí rẹ̀. Bẹ̀nẹ̀ fọwọ́ sí òfin tirẹ̀ ní ọdún 2003, Tógò ní ọdún 2011.

Kí ni Kẹ́ẹ̀sì gbọ́dọ̀ ṣe? Ó ní láti gba ẹjọ́ náà, kí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ìjàǹbá tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà láti ilé sí ibi iṣẹ́ náà wà nínú rẹ̀, bí ẹni náà kò bá yà sí ibòmíràn fún ọ̀ràn ara rẹ̀. Ẹni tí ó yà lọ mu ẹmu kó tó bọ́ lórí alùpùpù, ẹjọ́ rẹ̀ yóò le. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ lé ọmọ yín padà pé, "Ìwọ ni o kò ṣọ́ra." Àìṣọ́ra lásán kò tó láti fi gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ẹni. Ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ara rẹ̀ léṣe ni kò ní nǹkan gbà.

Kẹ́ẹ̀sì ni ó ń san owó dókítà, owó oògùn, owó ilé ìwòsàn, àti owó ẹsẹ̀ tàbí apá tí wọ́n ṣe bí ó bá di pé a gé ti ara rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni owó ojoojúmọ́. Ọ̀gá ni yóò san owó ọjọ́ tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀. Láti ọjọ́ kejì, Kẹ́ẹ̀sì yóò pín owó iṣẹ́ ọjọ́ kan sí ọ̀nà 3, yóò sì san 2 nínú rẹ̀ títí ara yóò fi dá. Ẹ mú pẹ́ńsù. Ká ní ọmọ yín ń gba 90 000 fàráńkì lóṣù. Ẹ fi 30 pín in: 3 000 ni fún ọjọ́ kan. Ẹ pín 3 000 sí ọ̀nà 3, kí ẹ mú 2: ó jẹ́ 2 000. Bí kò bá lè ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 45, èló ni? 90 000 fàráńkì.

Nígbà tí ìwòsàn bá parí, dókítà yóò wo ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó lára rẹ̀. Ní Bẹ̀nẹ̀, bí ó bá tó 20 nínú 100, owó tí a ń san títí ayé ni. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń san án. Bí ó bá kú, owó ìsìnkú wà, owó sì wà fún opó àti àwọn ọmọ. Ibẹ̀ ni ìyà ti ń jẹ àwọn obìnrin wa. Gbogbo abúlé mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ni, wọ́n gbé iyawó, wọ́n jẹ, wọ́n mu. Ṣùgbọ́n ìwé ìgbéyàwó kò sí, ìwé ìbí ọmọ kò sí. Ẹ lọ gba ìwé wọ̀nyí nísinsìnyí tí ara le.

Òfin ka ọmọ-iṣẹ́ tí ń kọ́ṣẹ́ mọ́ àwọn tí à ń wí yìí. Ní Bẹ̀nẹ̀, ẹni tí ń ro oko ara rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀, ó sì dùn wá, nítorí àdá pẹ̀lú ń gé ènìyàn.

Ohun tí ó ń ba ẹjọ́ jẹ́ jù ni pé ọ̀gá á fún ọmọ ní 20 000 fàráńkì, á mú ìwé kan wá, á ní kí ó tẹ̀ka síbẹ̀. Kò mọ ohun tí a kọ. Bóyá ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé, "Ilé ni mo ti fara pa." Ẹ sọ fún un kí ó má tẹ ìka, kí ó má fọwọ́ sí ìwé tí ẹnìkan nínú yín kò tíì kà.

Ọ̀gá ní wákàtí 48 láti kéde ìjàǹbá fún Kẹ́ẹ̀sì. Bí kò bá ṣe é, ẹni tí ó fara pa tàbí ẹbí rẹ̀ lè lọ fúnra wọn, títí ọdún kejì lẹ́yìn ìjàǹbá náà yóò fi parí. Ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ìwé dókítà lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ní àwọn kò ní san, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún yín, kí ẹ sì gbé ìwé náà lọ bá òṣìṣẹ́ ìjọba tí à ń pè ní inspecteur du travail.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó bá ṣẹlẹ̀, kí ẹni tí ó mọ̀wé nínú ilé mú ìwé kan, kí ó kọ ọjọ́, wákàtí, ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, orúkọ ẹ̀rọ tàbí irinṣẹ́ náà, àti orúkọ ènìyàn méjì tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn.