Boribana: Kí ló dé tí géèmù ilé ìṣọ́ fi ń wu àwọn ọmọ wa?



Ọ̀rọ̀ géèmù ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n orúkọ àdúgbò kan ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo àwa tí a ń gbé Abidjan la mọ Boribana, ní Attécoubé, lẹ́bàá ọ̀sà Ébrié. Lédè Dioula, "bori" ni eré sísá, "bana" túmọ̀ sí pé ó ti parí. Eré sísá ti parí. Ibi tí a dé yìí la ó dúró sí.

Orí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni géèmù tí wọ́n ń pè ní tower defense dúró lé. Ẹ wo Kingdom Rush, tí iléeṣẹ́ Ironhide ní orílẹ̀-èdè Uruguay gbé jáde lọ́dún 2011. Ọ̀nà kan wà, ìlú rẹ wà ní ìparí rẹ̀. Iwin àti òmìrán ń bọ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. O kò lè sá. Owó díẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ. Ṣé ilé tafàtafà lo máa kọ́ ni, àbí ilé oṣó, àbí àgọ́ ọmọ ogun tó máa dá wọn dúró? Tí o bá kó gbogbo owó lé àgbá ńlá, ẹ̀dá tó ń fò máa gba orí rẹ̀ kọjá.

Ìrònú nìyẹn, kì í ṣe àìríṣẹ́ṣe. Ní March 3, 1851, ọmọ ogun Dàhòmì, tọkùnrin tobìnrin, kọ lu Abẹ́òkúta. Àwọn Ẹ̀gbá fara ti odi wọn, wọ́n sì lé wọn padà. Nígbà tí wọ́n tún wá lọ́dún 1864, wọn kò rí ìlú náà kó.

'Mo lè tún un bẹ̀rẹ̀'

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, katapílà wó Boribana. Ìdílé kan tí a jọ ń ṣòwò wá forí pamọ́ sọ́dọ̀ mi. Ọmọkùnrin wọn kì í gbé fóònù sílẹ̀. Mo bá a wí títí, ó sú mi. Lọ́jọ́ kan, mo bi í pé kí ló rí níbẹ̀.

Ó ní: "Àǹtí, kí ọ̀tá tó dé, àmì máa ń hàn lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n máa gbà. Ẹ máa mọ irú èyí tó ń bọ̀. Tí mo bá sì pàdánù, mo lè tún un bẹ̀rẹ̀."

Ẹnu mi wọhò. Kì í ṣe ogun ló ń wá nínú fóònù yẹn. Ibi tí wọ́n ti ń kìlọ̀ fún èèyàn, tí ilé tó wó sì ṣeé tún kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ló ń wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó gba fóònù lọ́wọ́ wọn, ẹ kọ́kọ́ jókòó tì wọ́n. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń dáàbò bò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọgbọ́n tí ẹ fi ń ṣọ́ owó inú géèmù, ẹ lò ó níta: ẹ wádìí ilẹ̀ kí ẹ tó san owó ilé, ẹ tọ́jú ìwé yín síbi tí omi kò lè dé, ẹ ní àjọ tí ẹ ń dá. Ẹ̀yìn tí ọ̀tá bá ti wọlé kọ́ là ń kọ́ ilé ìṣọ́.