Kí Òfin Sọ Ibi Tí Ààlà Wà: Ọ̀rọ̀ Lórí Oyún Ṣíṣẹ́

N kò wá ṣèdájọ́ bóyá oyún ṣíṣẹ́ tọ́ tàbí kò tọ́. Lórí ìyẹn, ẹnu wa kò tíì kò. Ìbéèrè mi ni pé: ǹjẹ́ òfin tó ń fìyà jẹni lórí rẹ̀ sọ ohun tí ó kà léèwọ̀ yékéyéké?

Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999, abala 36(12), sọ pé a kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi àfi bí òfin tí a kọ sílẹ̀ bá ṣàlàyé ẹ̀ṣẹ̀ náà, tí ó sì dárúkọ ìjìyà rẹ̀. Irú ìlànà yìí ni ilé ẹjọ́ gíga tẹ̀lé ní 1961, nígbà tí ó tú obìnrin kan sílẹ̀ lórí ẹ̀sùn àgbèrè, nítorí pé kò sí òfin kíkọ ní gúúsù tó sọ àgbèrè di ìwà ọ̀daràn. Kò ṣàjèjì sí wa. Níbi ẹsẹ̀ńtáyé, a máa ń sọ èèwọ̀ ọmọ fún òbí rẹ̀. A kì í dúró kí ó jẹ ẹ́ tán kí a tó wí.

Ẹ wá wo Òfin Ìwà Ọ̀daràn ti gúúsù. Abala 228 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún ẹni tó bá gbìdánwò láti ṣẹ́ oyún fún obìnrin "láìbófinmu". Abala 229 fi ọdún 7 lélẹ̀ fún obìnrin náà fúnra rẹ̀. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ èdè rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́, abala náà kò sì túmọ̀ rẹ̀. Ohun tó ń wí ni pé ó lòdì sófin nígbà tí kò bá òfin mu. Abala 297 dáàbò bo iṣẹ́ abẹ tí a fi òótọ́ inú ṣe láti dá ẹ̀mí ìyá sí. Oògùn tí a gbé mì ńkọ́? Abala náà kò dárúkọ rẹ̀.

Ní Èkó, òfin ọdún 2011 fi ìlera ara ìyá kún un. Ní oṣù kẹfà 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ náà gbé ìwé ìlànà jáde láti tọ́ àwọn oníṣègùn sọ́nà. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, wọ́n dá a dúró. Òfin wà, àlàyé rẹ̀ lọ.

Ta ni ó ń jìyà rẹ̀? Oníṣègùn tí kò rí ààlà yóò sá sẹ́yìn, àní níbi tí òfin fi àyè sílẹ̀. Obìnrin tí ẹ̀mí rẹ̀ ń bọ́ lọ kò sì lè dúró de ìtumọ̀ adájọ́.

Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ kí òfin le àti ẹni tó fẹ́ kí ó rọ̀ lè jọ béèrè ohun kan: kí a kọ ọ́ kí ó yé ènìyàn, kí a sì kọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú.