Ọmọ Tí Ó Kàwé Títí Orí Rẹ̀ Fi Gbóná

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé oṣooṣù Ẹgbẹ́ wa, li Òpópónà Táíwò, Ìlọrin

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ìdánwò. A rò pé ohun tí púpọ̀ nínú yín ń retí ni pé kí olùkọ́ àgbà kan dìde kí ó sì bú àwọn ọmọ ọ̀lẹ. A kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀lẹ ti ní oníwàásù púpọ̀. Ọmọ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ li ẹni tí kì í ṣe ọ̀lẹ rárá: ẹni tí kò sùn, tí kò ṣeré, tí ó ka ìwé tán tí ó tún kà á, tí ó wá wọ gbọ̀ngàn ìdánwò lọ, tí ohun gbogbo sì parẹ́ mọ́ ọn lórí.

Ọmọbìnrin kan wà li ọ̀dọ̀ wa li ọdún díẹ̀ sẹ́hìn. Ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ li òpópónà tí a wà yìí. Kò sí iṣẹ́ tí a fún un tí kò ṣe, kò sí ìwé tí a dárúkọ tí kò wá rí. Nígbàtí ìdánwò àṣekágbá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó wá sí yàrá iṣẹ́ wa, ó kúnlẹ̀, ó ní, ‘Ẹ jọ̀ọ́ sà, orí mi ń ta mí bí ẹni pé wọ́n fi ata pa á. Bí mo bá ka ojú-ewé kan dé ìsàlẹ̀, n kò mọ ohun tí mo kà lókè mọ́. Omi sì ń bọ́ li ojú mi.’

Ẹ gbọ́ èsì tí a fún un, nítorí èsì náà li ó jẹ́ kí a gbà láti dìde níwájú yín li òní. A ní, ‘Iṣẹ́ kì í pani, ìṣẹ́ li ó ń pani. Túbọ̀ tẹra mọ́ ọn.’ A sì fi ti ipò àlùfáà wa lé e: a ní kí ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kí Olúwa lè la ọ̀nà fún un.

Ọmọ tí a kọ́ nílé ni. Ó ṣe gbogbo rẹ̀. Ó gba ààwẹ̀. Li òru, ó ki ẹsẹ̀ bọ inú abọ́ omi tútù kí oorun má bàa gbé e lọ, ó ń jẹ obì, ó sì ń kàwé. Li ọjọ́ kejì ìdánwò, ó kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́mbà rẹ̀ sórí ìwé, kò sì lè kọ ohun mìíràn mọ́ fún odidi wákàtí kan. Ẹni tí ó ń ṣọ́ wọn rò pé ó ń wá ọ̀nà àtijí ìwé ẹlòmíràn wò ni.

Ó kùnà. Ìyẹn ìbá kéré. Ṣùgbọ́n nígbàtí ó délé, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá rẹ̀ wá bá wa. Kò bú wa o. Ó kúnlẹ̀ ni, ó ní, ‘Bàbá, ta li ó ń bá ọmọ mi jà? Kí ni wọ́n fi ṣe é?’ Ẹ̀yin àgbà mọ ìtumọ̀ ‘wọ́n’ yẹn. Àwa mọ̀ li ọkàn wa pé kò sí ‘wọ́n’ kankan níbẹ̀, pé àwa ni. A kò sì sọ ọ́ fún un. A gbàdúrà fún un, a sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, a sì jẹ́ kí ó máa lọ, kí ó máa fura sí orogún rẹ̀.

Ó tó oṣù mẹ́rin kí a tó lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti sọ òtítọ́. Ohun tí ó sọ fún wa li ọjọ́ náà kì í ṣe ohun tí a lè tún sọ ní gbọ̀ngàn yìí, ó sì tọ́ sí wa.

Láàárín oṣù mẹ́rin wọ̀nyí li a ti wá ìwé lọ. A rí i pé àárẹ̀ ọmọ yìí ní orúkọ, àti pé ilẹ̀ wa níhìn-ín li a ti kọ ọ́ sínú ìwé àwọn oníṣègùn. Dókítà Raymond Prince, ọmọ Kánádà tí ó ń tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn dàrú, ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Aró li Abẹ́òkúta, níbi tí Dókítà Adéoyè Lambo ti di ọ̀gá li ọdún 1954. Li ọdún 1960 ni Prince tẹ ohun tí ó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa jáde. Wọ́n ń sọ fún un pé orí ń gbóná, pé nǹkan ń rìn wọ́n li orí bí èèrà, pé ojú ń ṣe bàìbàì, pé ohun tí wọ́n ń kà kò wọlé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra wọn ń pè é ní ‘brain fag’, èyíinì ni àárẹ̀ ọpọlọ. Nígbàtí a kà á, ó dà bí ẹni pé ọmọbìnrin wa li ó jókòó níwájú dókítà náà tí ó ń rojọ́.

Prince rò pé ohun tí ó fà á ni pé ọ̀nà ìkàwé àwọn Òyìnbó, níbi tí olúkúlùkù ti ń dá nìkan jà, kò bá ìgbé-ayé àjọṣe tí a fi tọ́ ọmọ wa mu. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò dùn mọ́ Ẹgbẹ́ bíi tiwa nínú. Ó dùn mọ́ àwa náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rọra. Àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó wádìí lẹ́hìn rẹ̀ fi hàn pé orúkọ yìí kan náà li àwọn ará Ìlú Ọba fi ń pe àárẹ̀ tiwọn ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, kí ó tó kọjá òkun wá bá wa. Ní ilẹ̀ Ṣáínà pẹ̀lú, níbi tí wọ́n ti fi ìdánwò yan òṣìṣẹ́ ọba fún ohun tí ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ, kí wọ́n tó fòpin sí i li ọdún 1905, àwọn ọkùnrin ń hewú nídìí ìdánwò kan ṣoṣo. Ibi gbogbo tí a bá ti so ọjọ́ ọ̀la ọmọ mọ́ òwúrọ̀ kan, orí ọmọ yóò gbóná níbẹ̀.

Li ọ̀dọ̀ tiwa, okùn náà ń le sí i ni. Àwọn bàbá wa ṣe ti Cambridge. WAEC dé li ọdún 1952, JAMB li ọdún 1978, NECO li ọdún 1999. Ọmọ tí ó jókòó níwájú kọ̀ǹpútà JAMB ní ìbéèrè 180 láti dáhùn láàárín wákàtí méjì. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀, ogójì ìṣẹ́jú-àáyá li ó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ sì rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ li oṣù Karùn-ún ọdún 2025, nígbàtí JAMB fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé àṣìṣe wọ inú máàkì àwọn ọmọ tí ó ṣe ìdánwò li Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò. Ọmọ 379,997 li ọ̀ràn náà kàn, tí a ní kí wọ́n wá tún un ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, tí ó wà lórí àlééfà JAMB nígbà náà, tí ó sì ti ṣe ọ̀gá Yunifásítì Ìlọrin rí, sọkún ní gbangba. A bọ̀wọ̀ fún omijé náà. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa ronú: mélòó nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni bàbá wọn ti nà kí àṣírí tó tú?

Ìtàn sọ fún wa pé láti ara òkúta tí wọ́n fi ń lọ irin ni ìlú yìí ti gba orúkọ. Ẹni tí ó bá lọ ọ̀bẹ láti alẹ́ dé òwúrọ̀, èèkù ni yóò kù li ọwọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà méjì, Yerkes àti Dodson, fi eku dán irú ọ̀rọ̀ yìí wò li ọdún 1908: ìpayà díẹ̀ a máa mú kí ẹ̀kọ́ yá, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, tí iṣẹ́ náà sì le, ẹ̀kọ́ a máa dẹ́hìn. Àwọn baba wa kò lo eku kankan kí wọ́n tó mọ̀ pé bí ọṣán bá já, ọrun dọ̀pá.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ wo ilé kéú tí ó wà ní àdúgbò yín. Aáfàá a kọ ìwọ̀nba sórí wàláà fún ọmọ; ọmọ a kà á sókè li etí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀; kò sì ní gba tuntun títí yóò fi ka ti àná láìwò ó. Ọdún púpọ̀ lẹ́hìn náà ni wọn a tó wọ aṣọ wòlímọ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ li ọmọ awo ń kọ́ Odù Ifá 256, díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún. (Bí ó bá ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé àlùfáà li ó ń sọ èyí, kí ó dárí jì wá, olùkọ́ ni wá kí a tó di àlùfáà.) Hermann Ebbinghaus ti ilẹ̀ Jámánì, tí ó fi orí ara rẹ̀ dán ìrántí wò tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde li ọdún 1885, rí i pé ohun tí a pín kà sí ọjọ́ púpọ̀ a máa dúró ju ohun tí a kì bọ orí li ọjọ́ kan lọ. Aáfàá àti babaláwo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Àwa tí a lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga li a gbàgbé.

Nítorí náà, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, a kì í tan iná yàrá ìkàwé kọjá aago mẹ́wàá alẹ́ mọ́. Bí ọmọ bá ka orí ìwé kan tán, yóò pa á dé, yóò sì rò ó fún ẹnìkejì rẹ̀ li èdè tí ó bá wù ú. A tẹnumọ́ ọ̀rọ̀ èdè yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan li ọdún 1970, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ọmọ tí kò gbọ́ ohun tí ó ń kà kò ní ọgbọ́n mìíràn ju kí ó há a sórí lọ, ohun tí a sì há sórí báyìí ni ìpayà máa ń kọ́kọ́ lé jáde.

Ohun kan tún wà tí a kò gbà gbọ́ nígbàtí a kọ́kọ́ kà á. Ramirez àti Beilock, li Yunifásítì Chicago, tẹ̀ ẹ́ jáde li ọdún 2011 pé àwọn ọmọ tí ẹ̀rù ìdánwò ń bà, bí wọ́n bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ ohun tí ń bà wọ́n lẹ́rù sórí ìwé kí wọ́n tó wọlé, wọ́n a máa ṣe dáradára jù bẹ́ẹ̀ lọ. A dán an wò. A ka ohun tí àwọn kan kọ, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn. Ẹ̀rù ìbéèrè ìṣirò kò tó nǹkan nínú rẹ̀. Ohun tí ó pọ̀ jù ni: ‘Bàbá mi ní bí n kò bá yege kí n má wá sílé.’ Ẹ̀yin bàbá, ọ̀rọ̀ yẹn kò gùn li ẹnu yín, ẹ tilẹ̀ ti lè gbàgbé rẹ̀ kí ẹ tó jẹun tán. Ọmọ kò gbàgbé. Òun náà li ó ń mú kí àwọn kan ra oògùn àìsùn, kí àwọn mìíràn sì wá ẹ̀spó lọ.

Ní ti ààwẹ̀, a kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin Mùsùlùmí mọ̀ pé a gba aláìsàn láàyè láti jẹun nínú Ramadan, kí ó sì san án padà li ọjọ́ mìíràn. Àwa Kristẹni sì ní ìtàn wòlíì Èlíjà, nígbàtí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì lábẹ́ igi tí ó sì tọrọ ikú. Áńgẹ́lì kò bá a wí. Ó fún un li àkàrà àti omi, ó jẹ́ kí ó sùn, ó tún fún un li oúnjẹ, kí a tó rán an níṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà li a ti wàásù lórí ibẹ̀, a kò sì rí oorun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà tún ìdánwò ṣe li ọdún kejì, ó yege, ó sì ti di olùkọ́.

Ó ku ẹ̀bẹ̀ kan. Láti Táíwò Òkè títí dé Táíwò Ìsàlẹ̀, ẹ tẹ́tí sílẹ̀ li alẹ́: jẹnẹrétọ̀, kẹ̀kẹ́ Màrúwá, orin li ẹnu ṣọ́ọ̀bù, àti, kí a má ṣe ojúsàájú, ẹ̀rọ agbóhùnsókè tiwa nínú ilé ìsìn. Ọmọ ẹni tí ń tajà níhìn-ín kò ní ibi ìdákẹ́jẹ́ kan láti kàwé kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá, ìdí nìyí tí ó fi ń dúró de òru. Ẹ̀yin ìjòyè lè bá àwọn onílé sọ̀rọ̀, kí wọ́n dín ariwo kù láàárín ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Ẹgbẹ́ náà ní gbọ̀ngàn yìí, tí ó ń ṣófo ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí kò sí ìpàdé. Tábìlì wà, àga wà, iná wà. Aago mẹ́rin sí aago mẹ́jọ tó fún wọn. Àwa àti olùkọ́ méjì mìíràn ti gbà láti máa jókòó tì wọ́n. Kọ́kọ́rọ́ wà li ọwọ́ Akápò, ẹni tí a ti ń bẹ̀ láti ìgbà tí a ti wọlé, tí ó sì ní kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ tán ná. A ti sọ ọ́ tán.