Orúkọ Tí Ọdún 1977 Fi Pamọ́

 

Ọdún kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí: ọdún 1977. Mo mọ̀ pé a kò tíì bí ọ̀pọ̀ nínú yín nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ mólúè ní Ìgànmú lọ́dún yẹn, tó gba Western Avenue, tó kọjá Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè, tó kọjá bárékè Abalti, tó dé Ojúẹlẹ́gba, tó wá yà sí Agege Motor Road títí dé Ìdí-Òro, ó ti rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn Nàìjíríà ti odidi ọdún kan. Ohun tó dùn mọ́ wa jù, ohun tó bà wá nínú jẹ́ jù, àti ohun tó yẹ kó tì wá lójú jù, etí ọ̀nà yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Orúkọ ni èmi náà fẹ́ fi wo ọdún náà. Ta ni a dárúkọ? Ta ni a fi orúkọ rẹ̀ pamọ́? Kí ni ìpamọ́ yẹn sì ti ná wa?

Àjọ̀dún tó gba orúkọ

Ọjọ́ 15, oṣù Kìn-ín-ní ni ayẹyẹ bẹ̀rẹ̀ ní Pápá Ìṣeré, ní Súrùlérè. FESTAC ni mò ń wí, àjọ̀dún kejì ti iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú lágbàáyé. Dakar ni wọ́n ti ṣe àkọ́kọ́ ní 1966. Tiwa gbóná títí di ọjọ́ 12, oṣù Kejì. Àlejò tó lé ní 15,000 wá láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50. Miriam Makeba wà níbẹ̀, Stevie Wonder wà níbẹ̀, Gilberto Gil ti Brazil náà wà níbẹ̀. Eré tí Nàìjíríà gbé síwájú àlejò ni Langbodo tí Wálé Ògúnyẹmí kọ, èyí tó ti inú ìwé Fágúnwà jáde. Ẹ ò rí i pé Akàràògùn, akọni inú ìwé náà, àti àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣojú wa lọ́jọ́ náà.

Owó epo ló ṣe gbogbo rẹ̀. Owó epo ló kọ́ Gbọ̀ngàn Ìṣeré Orílẹ̀-èdè sí Ìgànmú; àwọn ará Bulgaria ló bá wa kọ́ ọ, ilé kan tó wà ní ìlú wọn, Varna, ni wọ́n sì wò ṣe é. Àwọn ará Èkó wo òrùlé rẹ̀, wọ́n ní fìlà sójà ni. Owó epo kan náà ló kọ́ ilé tí àwọn àlejò dé sí lójú ọ̀nà Badagry. Àjọ̀dún parí, àlejò lọ, ṣùgbọ́n orúkọ kò lọ: Festac ni àdúgbò náà ń jẹ́ títí di òní.

Àmì àjọ̀dún náà ni ojú Ìyá Ọba Ìdíà ti Bìní, tí àwọn baba wa fi eyín erin gbẹ́. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó o lọ ní 1897, ó sì di ẹrù British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Nàìjíríà ní kí wọ́n yá wa lò. Wọn kò gbà. Àwọn agbẹ́gilére Bìní bá gbẹ́ òmíràn, ojú ìyá náà sì gba gbogbo ìgboro kan.

Ojú kejì tún jáde lọ́dún náà. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kejì, nígbà tí àjọ̀dún ku ọ̀la, ìjọba gbé owó ₦20 jáde pẹ̀lú àwòrán Ọ̀gágun Múrítàlá Muhammed, ẹni tí wọ́n pa ní oṣù Kejì 1976. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ojú rẹ̀ wà lára owó wa. Ìjọba wa mọ bí a ṣe ń fi orúkọ àti ojú ṣe ìrántí nígbà tó bá wù ú.

Iná Ìdí-Òro

Ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn tí FESTAC parí, ní ọjọ́ 18, oṣù Kejì, àwọn sójà ya bo ilé olórin Fẹlá Aníkúlápó Kútì ní ojúlé 14, Agege Motor Road. Kalakuta ni Fẹlá ń pe ilé náà. Fẹlá ti kúrò nínú ìgbìmọ̀ FESTAC ní tirẹ̀ nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní gbogbo oṣù àjọ̀dún, Shrine rẹ̀ ní Ìdí-Òro ni ọ̀pọ̀ àlejò ń rọ́ lọ lóru. Orin rẹ̀, Zombie, sì ti ń dun àwọn ológun.

Aáwọ̀ láàárín àwọn ọmọ ilé Fẹlá àti àwọn sójà ni wọ́n fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti lu àwọn ọkùnrin, wọ́n ti fi ojú àwọn obìnrin rí màbo, ilé ti jó, ilé ìwòsàn Dókítà Bẹ́kọ̀ Ransome-Kútì tó wà níbẹ̀ náà ti jó. Wọ́n ju ìyá Fẹlá àti Bẹ́kọ̀ láti ojú fèrèsé òkè sílẹ̀. Ẹni ọdún 76 ni Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì lọ́jọ́ náà. Kò sí àlàáfíà fún un mọ́ títí ó fi dákẹ́ ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹrin, 1978.

Ní ọjọ́ kejì iná yẹn gan-an, wọ́n ń pín àmì-ẹ̀yẹ Grammy ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì wá Stevie Wonder kàn lórí tẹlifíṣọ̀n láti Èkó. Ayé ń gbọ́ orúkọ Èkó, eérú Ìdí-Òro kò sì tíì tutù.

Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, Adájọ́ Kalu Anya ni alága. Ní ti ẹni tó dáná sun ilé, ìdáhùn tó jáde ni pé sójà tí a kò mọ̀ ni. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀sán gangan ni. Ojú títì ni. Bárékè wọn kò jìnnà. Sójà ní nọ́ńbà, ó ní ọ̀gá, ọ̀gá rẹ̀ náà ní ọ̀gá. Nínú gbogbo Nàìjíríà, ta ni orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé tó sójà?

Ọba tí kì í ṣẹ̀

Ẹbí náà gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù. Ó rìn títí ó fi dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní 1985. Àwọn adájọ́ kò sọ pé ìwà ibi kò ṣẹlẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni pé lábẹ́ òfin tó wà lójú iṣẹ́ ní 1977, ẹnikẹ́ni kò lè pe ìjọba lẹ́jọ́ nítorí irú ìwà bẹ́ẹ̀. Òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí a jogún ni: ọba kì í ṣẹ̀. Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ kò fi pamọ́ pé ó dun òun.

Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a fi òfin náà wé tiwa. Ní Ọ̀yọ́, Aláàfin lè ṣẹ̀. Bí ó bá fi agbára jẹ ìlú níyà kọjá ààlà, Baṣọ̀run àti àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì yóò ní kí ó ṣígbá wò, ó sì mọ ohun tó kàn. Ìyá tí a ń wí yìí gan-an, òun ló kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ lórí ọ̀rọ̀ owó orí títí Aláké fi fi orí oyè sílẹ̀ ní 1949. Obìnrin tó fi hàn pé ọba lè ṣẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló wà lára ẹjọ́ tí wọ́n fi òfin “ọba kì í ṣẹ̀” dá nù. Bí mo bá ka ìdájọ́ yẹn, ara mi kì í lélẹ̀.

Ní ọdún 1977 kan náà, oògùn ìyà yẹn ti wà lórí iná. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ dìbò yan àwọn aṣòfin. Ní oṣù Kẹwàá, wọ́n jókòó ní Èkó lábẹ́ Adájọ́ Udo Udoma láti ṣe ìwé òfin tuntun. Ìwé òfin 1979 tó ti ibẹ̀ jáde ṣí ilẹ̀kùn kóòtù fún ẹni tí ìjọba bá ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn náà kò ṣí sẹ́yìn. Ó ṣí fún èmi àti ẹ̀yin. Kò ṣí fún ìyá.

Orúkọ tí a kò gbàgbé

Oṣù Kọkànlá ọdún 1977 náà dé pẹ̀lú ẹkún tirẹ̀. Ní ọjọ́ 12, Nàìjíríà gba Tùnísíà lálejò ní Pápá Ìṣeré, nínú ìdíje àtilọ sí Ife Àgbáyé ní Argentina. A ti fi 4 sí 0 na Íjíbítì ní Èkó ní oṣù tó ṣáájú. Ọkàn gbogbo ìlú balẹ̀. Godwin Odiye fẹ́ fi orí gbá bọ́ọ̀lù kúrò lójú ilé wa. Bọ́ọ̀lù gba ẹ̀yìn Emmanuel Okala, aṣọ́lé wa, wọlé. 1 sí 0. Argentina di àlá. Ọdún 1994 ni a tó dé Ife Àgbáyé.

Ọmọdé ni mí ní Múṣin nígbà náà. Ìdákẹ́jẹ́ tó bo àdúgbò wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò gbàgbé rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ọmọ kan bá gbá bọ́ọ̀lù sílé ara rẹ̀, Odiye la máa pè é. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbèjà ìlú rẹ̀ tó sì ṣèèṣì, gbogbo Nàìjíríà mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì fi pọ́n ọn lójú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó ju ìyá àgbà láti òkè ilé, a kò mọ̀ wọ́n. Ẹni tó ṣèèṣì ní orúkọ; ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kò ní. Èyí ni ohun tí mo wá sọ, ẹ̀yin ará.

Nítorí ohun tí a kò bá dárúkọ, ó máa ń padà wá. Ní oṣù Kẹwàá 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ jáde ní Èkó lórí ìwà ọlọ́pàá, tí àwọn sójà sì yìnbọn ní Lẹ́kí, ìbéèrè tó gba ẹnu gbogbo ènìyàn ni: ta ló pàṣẹ? Ìbéèrè Ìdí-Òro ni. Ó ti pé ọdún 43 nígbà náà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wá àwọn àgbàlagbà Ìdí-Òro àti Ojúẹlẹ́gba lọ nígbà tí ẹ̀mí wọn ṣì ń bẹ. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí ojú wọn rí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́, pẹ̀lú ọjọ́, pẹ̀lú ojúlé, pẹ̀lú orúkọ. Ẹ̀yin aṣòfin tó wà láàárín wa, ìwádìí tí kò bá dárúkọ ẹni tó pàṣẹ kò tíì parí. Ẹ má ṣe gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò dá ojú Ìdíà padà fún wa, a kò ká ọwọ́ gbera. A gbẹ́ ẹ fúnra wa. Orúkọ tí ọdún 1977 fi pamọ́ náà, ẹ jẹ́ kí a wá a fúnra wa.